Àlejò Tuntun Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí dìde lọ. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ nǹkan nípa ìyẹn nínú wa. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: nígbà tí ẹ̀dà tuntun ti èdè kọ̀ǹpútà kan bá jáde, kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lò fi ń pẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé? Ta ni ìpẹ́ náà ń pa lára? Kí sì ni ọlọ́gbọ́n lè ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn nǹkan. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ ní láti kọ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ ní èdè tí a ṣe fún un. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ sì kàn púpọ̀ ni Python. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Guido van Rossum, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìparí ọdún 1989, tí ó sì gbé e jáde fún aráyé ní 1991. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ejò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Rárá o. Kì í ṣe erè inú igbó, eré orí tẹlifíṣàn ni: àwọn apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń jẹ́ Monty Python ni ó yá orúkọ náà lọ́wọ́ wọn.

Èdè tó bá wà láàyè kì í dúró lójú kan. Àwa náà mọ èyí. Àwọn bàbá wa ń kọ "aiye" àti "enia"; láti 1974 tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, "ayé" àti "ènìyàn" ni à ń kọ́ àwọn ọmọ. Bákan náà ni èdè kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a máa tún un ṣe, wọn a sì fi nọ́ńbà sí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Láti orí ẹ̀dà 3.9 tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2020 ni ẹ̀dà tuntun Python ti ń jáde lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹwàá kan náà.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọmọ tó mọ "ayé" lè rí "aiye" nínú ìwé bàbá rẹ̀ àgbà, kó sì mòye ohun tó jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bí a ti í mòye. Ẹ̀dà 3.10, tó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, mú gbólóhùn tuntun kan wá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà match. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn to ọ̀ràn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bó bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tibí. Bí ẹ bá gbé gbólóhùn yìí fún ẹ̀dà 3.9, kò ní bi yín pé kí lẹ ní lọ́kàn. Yóò sọ pé àṣìṣe ni, yóò sì dákẹ́ iṣẹ́.

Ta wá ni onílé? Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ńlá ní láti rà á, kó gbé e sí yàrá, kó wá iná fún un, kó sì gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yá a lò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí Amazon, Google àti Microsoft. Cloud ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un, ìyẹn ìkúùkù. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run o. Ilé ńláńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni, lórí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, tí a sì ń bá sọ̀rọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì.

Oríṣi yàrá méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní ni yàrá lásán: ògiri àti òrùlé ni onílé fún ọ, ìwọ ni yóò gbé bẹ́ẹ̀dì, àga àti ìkòkò rẹ wá. Èkejì ni yàrá tí onílé ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán: ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa omi, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. App Engine ti Google, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹrin 2008, jẹ́ irú èkejì yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lambda ti Amazon, tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá 2014. Nínú irú yàrá báyìí, onílé ló ń pèsè èdè pàápàá. Ohun tí o kọ nìkan ni ìwọ yóò gbé wá. Adùn rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde láyé, ṣùgbọ́n tí onílé kò tí ì gbé e wọlé, òde ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ti Google. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí App Engine, Python 2.5 nìkan ló wà nínú ilé. Python 3 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 kan náà. Àwọn tó ń gbé irú yàrá App Engine tí wọ́n ń pè ní standard kò rí Python 3 lò níbẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ 2018. Ẹ bá mi kà á: ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́wàá. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé Guido van Rossum fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ Google láti 2005 títí di ìparí 2012, ó sì bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ App Engine. Bàbá ọmọ wà nínú ilé, ọmọ wà lóde.

Kí ló fà á? Onílé tó gba àìmọye àlejò sínú agboolé kan gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnì kan kò wọ yàrá ẹnì kejì. Ọ̀nà tí Google kọ́kọ́ gbà ni pé wọ́n mú Python fúnra rẹ̀, wọ́n sì dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan sínú fáìlì. Kò gbọdọ̀ lo irinṣẹ́ tí a fi èdè C kọ, àfi èyí tí Google bá ti yẹ̀ wò. Nípa bẹ́ẹ̀, Python tó wà nínú ilé kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an pẹ̀lú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Bí ẹ̀dà mìíràn bá jáde, wọ́n ní láti tún ìdè náà dì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dán kókó kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tó di 2018, wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n lo ohun kan tí wọ́n pè ní gVisor, èyí tó dà bí ọgbà tí a ṣe yí yàrá ká. Dípò kí wọ́n de àlejò, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ṣe bó ti fẹ́ nínú odi. Python tí ayé mọ̀ ló wá lè wọlé láìsí pé a dè é.

Ta ni ọdún mẹ́wàá yẹn pa lára? Ayálégbé ni. Àwọn tó ń tọ́jú Python ti kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní 2020 àwọn kò ní tọ́jú Python 2 mọ́. Láti oṣù Kẹjọ 2018 sí ọjọ́ náà, kò pé oṣù mẹ́tàdínlógún. Bí ẹni tó ti ń kó ẹrù sínú yàrá láti ọdún mẹ́wàá bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde kí ìtọ́jú náà tó dópin, àkókò tí ó ní kò tó ọdún kan àbọ̀. Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí onílé ti tẹ́ sínú yàrá àtijọ́ kò bá wọn dé yàrá tuntun nígbà náà. Ó di 2021 kí Google tó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá. Ẹni tó ti gbójú lé bẹ́ẹ̀dì onílé bá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé ọ̀dọ̀ Amazon. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín, nítorí ìṣirò díẹ̀ wà níbí. Mo ti sọ pé Python 3.10 jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2023 ni Lambda gbà á wọlé. Oṣù méjìdínlógún àti ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀dà Python kọ̀ọ̀kan sì ní iye ọjọ́ tirẹ̀ láyé: ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ìyẹn ọgọ́ta oṣù. Ẹ fi méjìdínlógún sórí ọgọ́ta. Ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá ọjọ́ ayé rẹ̀ ti lọ kí ó tó ríbi wọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọdún márùn-ún náà kò dọ́gba. Ní ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ọdún kan àbọ̀ fún ẹ̀dà 3.10, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a máa tún àṣìṣe gbogbo ṣe. Lẹ́yìn èyí, ihò tí olè lè gbà wọlé nìkan ni wọ́n ń dí. Àtúnṣe gbogboogbò tó kẹ́yìn fún un, 3.10.11, jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2023. Lambda ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí àlejò wọlé, ìgbà èwe rẹ̀ ti kọjá. Àbúrò rẹ̀, 3.11, sì ti jáde láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2022, òun náà ti tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àkókò tí onílé fi ń pẹ́ kì í lọ sínú afẹ́fẹ́. Inú ọjọ́ ayé ohun tí ayálégbé fẹ́ lò ni a ti ń yọ ọ́.

Ṣé ọ̀lẹ wá ni onílé? Àgbà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Èkínní, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀. Python kì í fò lójú sánmà; orí ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà ló ń dúró lé. Ti Amazon nígbà náà ni Amazon Linux 2. Irinṣẹ́ kan sì wà tó ń jẹ́ OpenSSL, tó dà bí àgádágodo tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa kí ó tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Àwọn tó ń ṣe Python pinnu pé ẹ̀dà 3.10 kò ní gba OpenSSL tí kò bá tó 1.1.1. Èyí tí Amazon Linux 2 sì ń lò láti ilẹ̀ jẹ́ 1.0.2. Kọ́kọ́rọ́ jẹ́ tuntun, àgádágodo jẹ́ àtijọ́. Ẹni tó bá ti tún ilẹ̀ yàrá ṣe nígbà tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìkánjú, nítorí ẹrù àwọn tó ti ń gbébẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣubú. Nígbà tó yá, Amazon tẹ́ ilẹ̀ tuntun, Amazon Linux 2023, ẹ̀dà 3.12 sì ni Python àkọ́kọ́ tí Lambda gbé ka orí rẹ̀.

Èkejì, onílé ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí ihò bá yọ lára èdè náà, òun ni yóò dí i fún gbogbo ayálégbé, láìjẹ́ pé wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó fẹ́ ru irú ẹrù báyìí fún ọdún púpọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù náà wò kí ó tó gbé e rù.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀dà tuntun kì í nìkan rìn. Àwọn tó ń kọ ètò ń lo irinṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Àpẹẹrẹ kan ni NumPy, tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ńlá. Apá kan nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ èdè C, wọ́n sì ní láti tún un rọ fún ẹ̀dà Python tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀dà tuntun lè dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, irinṣẹ́ tó yí i ká kò tí ì pé.

Nítorí náà, ìpẹ́ kan wà tó jẹ́ ọgbọ́n. Ẹ wo Node.js, ohun tí a fi ń mú èdè JavaScript ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà 18 rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin 2022. Àwọn tó ṣe é fi oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó kéde pé ó ti gbó tó ohun tí a lè fi ọkàn tán fún ọjọ́ pípẹ́. Lambda dúró de ìkéde náà, ó sì gbà á wọlé nínú oṣù Kọkànlá. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, oṣù méje ni. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí ó gbó, kò pé oṣù kan. Onílé yìí kò sùn. Ó ń wo àlejò ni, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tó ń dúró dè.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí. Kí á tó dá onílé lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí á bi í ní ìbéèrè méjì. Ṣé ìwọ lò ń dán àlejò wò, àbí ilé rẹ ni kò ní àyè fún un? Ṣé o sọ ọjọ́ tí yóò wọlé fún àwọn ayálégbé rẹ, àbí ńṣe lo fi wọ́n sínú òkùnkùn? Ìpẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ tí a sì mọ òpin rẹ̀ kì í pani. Èyí tí kò ní ọjọ́ ló ń ba ètò ènìyàn jẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ ọjọ́ kò lè pinnu bóyá kí òun dúró tàbí kí òun wá ibòmíràn lọ.

Ó sì tọ́ kí á sọ èyí tó dára. Nígbà tí ilé bá ṣe gírí, ilẹ̀kùn a yára ṣí. Python 3.11 fi oṣù mẹ́sàn-án dúró lẹ́nu ọ̀nà Lambda. Ẹ̀dà 3.12 jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2023, ó sì wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá: ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹ̀dà 3.13 jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, ó sì wọlé nínú oṣù Kọkànlá. Amazon náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ oṣù tí wọ́n ń retí ẹ̀dà tuntun sójú ìwé ìtọ́ni Lambda. Ẹ ò rí i pé ohun tó gba oṣù méjìdínlógún lánàá kò ní láti gba bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Kí ni kí ayálégbé ṣe? Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Èkínní: mọ ọjọ́ méjì. Kí o tó kọ ètò rẹ lé ẹ̀dà kan lórí, bèèrè ọjọ́ tí onílé gbà á wọlé àti ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò parí. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni àkókò tí o ní. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìbí nìkan ti mọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀.

Èkejì: má ṣe dúró de onílé kí o tó dán nǹkan wò. Ṣáájú oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, àwọn tó ń ṣe Python a máa gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Fi í sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí o gbé iṣẹ́ rẹ gba inú rẹ̀, kí o wo ibi tí yóò ti kọsẹ̀. Nígbà tí onílé bá ṣílẹ̀kùn, ẹrù rẹ ti wà ní dídì.

Ẹ̀kẹta: ya ọpọlọ iṣẹ́ rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ọ̀ṣọ́ onílé. Kọ ìṣirò àti ìlànà rẹ sí apá kan, kí o kọ èyí tó ń bá ohun èlò onílé sọ̀rọ̀ sí apá kejì. Bí ó bá di ọjọ́ ìkólọ, apá kejì nìkan ni wàá tún kọ. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará App Engine ni ìkólọ náà wọ̀ lọ́rùn jù.

Ẹ̀kẹrin: bí kò bá ṣeé dúró dè, gbé ìkòkò tìrẹ wá. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni Lambda ti gbà kí ènìyàn di ètò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀dà èdè tó wù ú sínú àpótí kan, tí wọ́n ń pè ní container, kí ó sì gbé àpótí náà wá lódindi. Àwọn tí wọ́n mọ èyí kò ní láti dúró fún oṣù méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìkòkò tirẹ̀ wá ni yóò máa fọ̀ ọ́. Bí ihò bá yọ, onílé kò ní bá ọ dí i mọ́. Àìdúró ní owó tirẹ̀, bí ìdúró ti ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín ní pàtàkì. Bí ẹ bá da gbólóhùn kan kọ láti inú ìwé, tí ibi tí ẹ ti ń lò ó bá sọ pé àṣìṣe ni, ẹ má ṣe yára pe ara yín ní olódo. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwé yín ti ọdún yìí ni, tí yàrá tí ẹ wà sì jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àìmọ èyí ti mú kí ẹlòmíràn fi ẹ̀kọ́ tó yé e dáadáa sílẹ̀.

Ẹ̀dà tuntun kò ní ṣíwọ́ àti máa jáde, onílé náà kò sì ní ṣíwọ́ àti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àárín àwọn méjèèjì ni ayálégbé yóò máa wà. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó ti ka ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì di ẹrù rẹ̀ dáadáa, kò sí ilẹ̀kùn tó máa pẹ́ ṣí tí yóò bá a lójijì.